Ìgò Òṣùwọ̀n Ìyá Ṣódájú

Bí ẹ bá sọ fún Ìyá Ṣódájú pé òjò ń rọ̀, á kọ́kọ́ na ọwọ́ gba ojú fèrèsé kó tó gbà. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá tutù, á tún gbójú sókè wò ó bóyá ẹnì kan ló ń da omi láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kì í ṣe pé obìnrin náà burú o. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, iṣẹ́ tó wá yàn láàyò sì tún da epo sí iná ọ̀rọ̀ náà. "Ṣó dájú?" ló máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ìdí nìyẹn tí àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ fi sọ ọ́ ní Ìyá Ṣódájú. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ náà, ó bi ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀ pé ṣó dájú pé òun ló ń pè.

Aago mẹ́ta ló wà ní pálọ̀ rẹ̀. Ó ní aago kan lè parọ́, méjì lè máa jà, ìkẹta ni yóò ṣe ẹlẹ́rìí. Ọkọ rẹ̀, télọ̀ kan tí kì í tètè bínú, ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Bó bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, kì í dúró kí ìyàwó rẹ̀ bi í ní nǹkan kan. Fúnra rẹ̀ ló máa ń ka ibi tó yà sí, ẹni tó bá pàdé, àti ohun tí onítọ̀hún sọ. "Ìyàwó tèmi," ló máa ń wí fún àwọn oníbàárà, "bí òjìji rẹ̀ bá ń tẹ̀lé e, á yíjú padà bi í pé níbo lò ń lọ." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, á sì tún aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí pé àìsàn yẹn ti fẹ́ ran òun náà.

Yàrá ìwádìí kan ni Ìyá Ṣódájú ti ń ṣiṣẹ́, lókè ilé alájà méjì tó wà lẹ́yìn ilé-ẹjọ́. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò níbẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá dá awakọ̀ kan dúró, tí wọ́n sì fura pé ó ti mutí, nọ́ọ̀sì á fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò kékeré méjì, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n á gbé e wá. Ìyá Ṣódájú ni yóò sọ iye ọtí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Òfin ò fa ọ̀rọ̀ gùn: àádọ́ta mílígíráàmù ọtí nínú ọgọ́rùn-ún mílílítà ẹ̀jẹ̀ ni ààlà. Ẹni tí tirẹ̀ ò bá dé àádọ́ta, kó máa lọ sílé. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọjá àádọ́ta, wọ́n á gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀, ó sì lè fẹ̀wọ̀n jura.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ náà ní orúkọ gígùn tí ahọ́n fi ń kọsẹ̀, gáàsì kromatógíráfì, ṣùgbọ́n "Àgbà" làwọn tó ń lò ó ń pè é, torí pé kò sẹ́ni tó lè kán an lójú. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé ẹ̀jẹ̀ náà sórí ooru nínú ìgò tí wọ́n dé pa, kí ọtí inú rẹ̀ lè di afẹ́fẹ́. Gáàsì á wá gbá afẹ́fẹ́ yẹn wọ inú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn tó ọgbọ̀n mítà, tí wọ́n ká jọ bí òwú ìránṣọ. Nǹkan kọ̀ọ̀kan ló ní àkókò tirẹ̀ tó máa ń yọ lódì kejì. Iná kékeré kan ló ń dúró dè é níbẹ̀; bí ọtí bá ti kan iná náà, ìlà ojú kọ̀ǹpútà á gbéra sókè bí òkè, á sì tún sọ̀kalẹ̀. Bí òkè yẹn bá ṣe tóbi tó ni ọtí ṣe pọ̀ tó.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún Àgbà pé òkè tó tó báyìí ni àádọ́ta, èyí tó tó báyìí ni ọgọ́rùn-ún? Ibẹ̀ ni omi òṣùwọ̀n ti wọ ọ̀rọ̀. Omi tí wọ́n ti mọ iye ọtí inú rẹ̀ ni. Òun ni wọ́n á kọ́kọ́ fún ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ lè mọ ohun tí yóò fi wọn ti ẹlòmíì. Ilé iṣẹ́ kan wà tó ń po omi yìí tà, tó ń dí i pa sínú ìgò gíláàsì kéékèèké. Ìyá Ṣódájú kì í lò ó. "Ta ló pò ó?" ló máa ń béèrè. "Nígbà tó ń pò ó, ta ló ń wò ó?" Ó ti páálí wọn wọ ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń po tirẹ̀ sínú ìgò ńlá kan, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọjọ́ àti iye sí ara rẹ̀.

Kò fi mọ síbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣí ìgò náà ju nǹkan sí i, ó fi ìdérí onírọ́bà dé e, abẹ́rẹ́ ló sì fi ń gún rọ́bà náà fa ìwọ̀nba tó bá fẹ́ lò. Òfin iṣẹ́ tún ní pé bí ẹ̀rọ bá ti gba ẹ̀kọ́ tán, kí wọ́n fi omi òṣùwọ̀n mìíràn, tó ti ibòmíràn wá, dán an wò bóyá ó gbọ́ ẹ̀kọ́ náà yé. Ìyẹn náà, inú ìgò ńlá yìí kan náà ló ti ń fà á. Nígbà tí Ọ̀gá wọn bi í léèrè, ó ní, "Ọ̀gá, ẹni tí mo mọ̀ ni mo lè gbà gbọ́." Ọ̀gá fi í sílẹ̀. Ọdún méjìlélógún ni obìnrin náà ti wà lẹ́nu iṣẹ́, kò tíì ṣe àṣìṣe kan tí ẹnikẹ́ni mọ̀, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì ku oṣù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tó po ìgò yìí, ariwo bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Kì í ṣe ariwo tí etí ń gbọ́. Bí kò bá sí nǹkan kan tó ń kọjá níwájú iná, ó yẹ kí ìlà ojú kọ̀ǹpútà tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n ìlà náà ń gbọ̀n bí ọwọ́ arúgbó tó mú ife tíì dání. Ìyẹn làwọn oníṣẹ́ yìí ń pè ní ariwo. Bó bá ti pọ̀ jù, èèyàn ò ní mọ ibi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí.

Ìyá Ṣódájú ò wá ẹlẹ́ṣẹ̀ jìnnà. Obìnrin kan ń bẹ nídìí tábìlì kejì, kò tíì ju ọdún kan tó débẹ̀, Lọ́fínńdà ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kí ojú tó rí i lẹ́nu ọ̀nà ni imú ti máa ń kí i káàbọ̀.

"Òórùn ara rẹ ló ń wọnú ẹ̀rọ," Ìyá Ṣódájú sọ fún un.

"Òórùn ara mi kẹ̀, mà? Láti ibi tí mo jókòó sí?"

"Àti èyí tó o fi ń pa ọwọ́ yẹn. Ṣé kì í ṣe ọtí ni?"

Lọ́fínńdà ò jiyàn. Ó gbé ìgò ìpawọ́ náà sọ sínú báàgì, kò sì fi lọ́fínńdà pa ara fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ọṣẹ lásán ló fi ń wẹ̀. Ariwo ò dín. Ẹlòmíì ì bá ní ó dáa, ọ̀rọ̀ ò sí lọ́dọ̀ obìnrin yìí. Ìyá Ṣódájú ní tirẹ̀ ronú pé bí kì í bá ṣe òórùn, á jẹ́ pé ọwọ́ ni. Ẹ̀hìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ta ni yóò jàǹfààní bí ìyá àgbà bá ṣìṣe, tí wọ́n sì gba ìjókòó lábẹ́ rẹ̀? Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi báírò fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ ìgò ńlá rẹ̀, ibi tí omi dé nígbà tó lò ó kẹ́yìn. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ kan wọlé. Bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé-ìwé ni ọkùnrin náà ń wà, ṣùgbọ́n Sátidé ni ọlọ́pàá mú un, ọkọ̀ kékeré ti ara rẹ̀ ló sì ń wà. Ó ń bọ̀ láti ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sílé tuntun. Níbi tó ti ń yí ọkọ̀ padà, ó fẹ̀yìn gbá ọgbà onígi ẹnì kan. Kò sẹ́ni tó fara pa, igi méjì ló dá. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá gbọ́ òórùn ọtí lẹ́nu rẹ̀, nọ́ọ̀sì fa ẹ̀jẹ̀, Àgbà sì ní mẹ́rìnléláàádọ́ta ni.

Òfin gbà kí wọ́n yẹ ìgò ẹ̀jẹ̀ kejì wò fún ẹni tó bá fẹ́. Ní Mọ́ńdè kejì lẹ́yìn ìyẹn, awakọ̀ náà mú lẹ́tà lọ́yà rẹ̀ wá sójú fèrèsé wọn, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, ó ti tó ẹni ogójì ọdún, ó sì dúró bí ọmọ ilé-ìwé tí tíṣà ní kó wá.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ìgò bíà kan ni mo mu. Mo mu ún tán láago kan ọ̀sán, aago mẹ́ta ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi."

"Ìgò kan àbí ìgò kan àti nǹkan?"

"Ìgò kan ni, mà. Kò lé, kò dín."

"Ta ló rí ẹ?"

"Ilé kún, mà. Kò sẹ́ni tó ka ti ẹnì kejì rẹ̀."

Ìyá Ṣódájú sọ̀rọ̀ sí Lọ́fínńdà láìyíjú padà. "Gbogbo wọn ló ń mu ìgò kan. Láti ọdún méjìlélógún, mi ò tíì rí ẹni tó mu méjì rí. Ta wá ló ń mu èyí tó kù?"

Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Obìnrin gíga kan ni, ọwọ́ rẹ̀ le koko bí ọwọ́ ẹni tó ti fi aṣọ fífọ̀ tọ́ èèyàn dàgbà, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Òun ló tọ́ àbúrò rẹ̀. "Ẹ gbọ́, mà," ó ní. "Bàbá wa mutí títí tó fi mu ilé tá à ń gbé. Ọmọ kékeré leléyìí nígbà yẹn. Èmi ni mo mú un búra pé bó bá máa mu láyé rẹ̀, kò ní ju ìgò kan lọ. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Ọlọ́run á pèsè òmíì. Ohun témi fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó ń wo ojú mi parọ́ fún mi. Ẹ bá mi wò ó dáadáa."

"Mi ò kì í wò ó lọ́nà mìíràn," Ìyá Ṣódájú dáhùn.

Lẹ́tà lọ́yà yẹn ló wá gún un lára. Lọ́yà ti rí bébà tí ìlà tó ń gbọ̀n wà lórí rẹ̀, ó sì kọ̀wé pé: nínú irú ìgbọ̀n báyìí, ta ló lè búra pé mẹ́rìnléláàádọ́ta kì í ṣe méjìdínláàádọ́ta? Ọ̀rọ̀ náà dun Ìyá Ṣódájú dé egungun. Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ẹjọ́ máa wáyé. Ó ti fèrèsé. Ó pa fáànù. Ó lé Lọ́fínńdà jáde lọ sí kọ̀ríọ́dọ̀, ó jókòó nìkan níwájú ẹ̀rọ, ó ń wo ìlà náà bí ẹni ń wo ẹnu ẹlẹ́rìí èké. Ìlà ń gbọ̀n síbẹ̀. Ó wá dìde, ó lọ bá sílíńdà gáàsì. Ta ló tiẹ̀ gbà á wọlé? Ta ló sọ pé gáàsì inú rẹ̀ mọ́? Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n yọ sílíńdà náà, wọ́n gbé tuntun sí i, nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ìlà ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tí ọkọ rẹ̀ lọ̀.

Inú rẹ̀ dùn, ẹ má bi mí bó ṣe dùn tó. Kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Lọ́fínńdà. Ohun tó sọ ni pé, "Ìyẹn ò ní kí lọ́fínńdà náà dáa fún ibi iṣẹ́."

Ó fa omi òṣùwọ̀n láti inú ìgò ńlá, ó kọ́ ẹ̀rọ, ó dán ẹ̀rọ wò, ẹ̀rọ yege. Ó wá fi ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Mẹ́rìnléláàádọ́ta. Mẹ́rìnléláàádọ́ta. Mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ariwo ti lọ, kò sí ìgbọ̀n tí lọ́yà yóò tún sá sí abẹ́ rẹ̀.

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti wá jókòó sí kọ̀ríọ́dọ̀ láti aago méjì. Ó jáde sí wọn, ó sì kà á fún wọn bí Àgbà ṣe wí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ. "Ẹ̀gbọ́n mi!" lọkùnrin náà ń pè láti orí àtẹ̀gùn, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró!" Ìyá Ṣódájú padà wọlé. Ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn bí irọ́ bá bọ́ sí gbangba.

Ìgbà tó fẹ́ gbé ìgò ńlá padà sí àyè rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ìlà báírò. Ọjọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn ló fa ìlà náà. Ìwọ̀nba tó fà lónìí ò ju ẹnu ṣíbí kan lọ, ṣùgbọ́n omi ti fi ìbú eékánná kan lọ sísàlẹ̀. Ẹnì kan ti ń bù ú! Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lórí èsì rẹ̀ o. Bí wọ́n bá bu ọbẹ̀ nínú ìkòkò, èyí tó kù ò ní torí ìyẹn di omi. Bí wọ́n bá sì fi omi là á, kì bá tí lọ sísàlẹ̀. Olè ló ń dùn ún.

Ní Fúráìdè, ó wọ ọ́fíìsì Ọ̀gá lọ. Ó ní olè wà láàárín àwọn, kò dárúkọ, ṣùgbọ́n èèyàn mélòó ló wà ní yàrá náà? Ọ̀gá pe Lọ́fínńdà. Lọ́fínńdà tẹ́tí gbọ́ ọ títí dé òpin, omi lé ròrò lójú rẹ̀.

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe, Ọ̀gá? Kí n máa mu ún ni? Ó ti tó oṣù kan tí mà yìí ń wò mí bí ẹni tó gbé ọ̀bẹ dání. Mo ti bọ́ òórùn ara mi sílẹ̀, ṣé awọ ara mi ló kù kí n bọ́?"

"Ẹni tí kò bá ṣe nǹkan kan ò ní bẹ̀rù," Ìyá Ṣódájú wí.

Kó lè gbá a mú, ó gbé ìgò náà sórí ìwọ̀n elégé tó lè wọn ìyẹ́ adìẹ, ó kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ náà kọ́ ọrùn. Ó wẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó sùn pẹ̀lú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní òun ò mọ̀ pé òun máa bá kọ́kọ́rọ́ du ìyàwó.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà fúnra rẹ̀, ó gbé ìgò sórí ìwọ̀n. Ó ti fi gíráàmù méjì dín.

Ó sọ ìwọ̀n náà di òfo, ó tún ìgò gbé lé e. Ó ṣì fi méjì dín. Ó yẹ àgádágodo wò, kò sí apá ibi tí wọ́n ti já a. Ó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀. Kò sí ẹni tó wọ ibẹ̀. Ó wá gbé ìgò náà sójú, ó yí i sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó sì rí rọ́bà ìdérí rẹ̀: ojú abẹ́rẹ́ ti dá a lu káàkiri, oṣù mẹ́rin ni òun fi ń gún un. Ó gbé imú sún mọ́ ọn, òórùn ọtí rọra kí i.

Ó jókòó láìmọ̀ pé òun jókòó. Bí nǹkan bá ń gba inú ihò tóóró bẹ́ẹ̀ sá lọ, ọtí ló máa ń ṣáájú, omi ló ń kẹ́yìn. Kì í ṣe pé wọ́n ń bù ú. Ó ń fò lọ ni, èyí tó sì kù nínú ìgò ti di omi tí ọtí rẹ̀ ti dín, tí ìwé ara rẹ̀ ṣì ń pariwo pé ọgọ́rùn-ún ni òun. Ohun tó ti rọ̀ yìí lòun fi ń kọ́ ẹ̀rọ pé bí ọgọ́rùn-ún ṣe rí nìyí. Gbogbo ẹni tí ẹ̀rọ bá wá wò, á rí i bí ẹni tó mu ju bó ṣe mu lọ. Ìdánwò tí ẹ̀rọ sì ń yege ńkọ́? Inú ìgò kan náà ló ti wá. Ọmọ ìyá olè lòun ń pè wá jẹ́rìí olè.

Ẹ wá wò ó, obìnrin tí kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ láyé. Ó fura sí lọ́fínńdà, ó fura sí fáànù, ó fura sí ẹni tó ta gáàsì. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló wà tí kò fura sí rí, ọwọ́ tirẹ̀ ni.

Lọ́fínńdà wọlé, kò kí i. Ìyá Ṣódájú fa páálí jáde láti ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó gbé e síwájú rẹ̀.

"Bá mi fi èyí kọ́ ẹ̀rọ. Ìwọ ni kó o ṣe é. Èmi ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Kí ló dé, mà?"

"Kò sí olè. Ìgò mi ló ń jò. Mo fi ẹ̀sùn olè kàn ẹ́ níwájú Ọ̀gá, mo ṣẹ̀ ẹ́. Màá lọ sọ ọ́ níwájú rẹ̀ kan náà."

Lọ́fínńdà gba páálí náà. "Mo gbọ́, mà," ó ní. Kò sọ pé kò sí wàhálà, nítorí pé wàhálà wà. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kí wọ́n tó kọ́ ẹ̀rọ ní ẹ̀kọ́ tuntun, Lọ́fínńdà kọ́kọ́ fi omi òṣùwọ̀n ilé iṣẹ́ náà, ọgọ́rùn-ún tòótọ́, sí ẹ̀rọ, nígbà tí ẹ̀kọ́ Ìyá Ṣódájú ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ní méjìlélọ́gọ́fà ni. Ìlà rẹ̀ tẹ́, kò gbọ̀n rárá. Ẹ̀rọ náà ń parọ́ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Wọ́n wá tún un kọ́, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ tó kù nínú ìgò awakọ̀ sí i. Mẹ́rìnlélógójì.

Ọ̀gá gbọ́ tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Tún ti awakọ̀ yìí ṣe," ó ní. "Ká fi mọ bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́ta péré ló kù fún mi."

"Méje mìíràn wà, Ọ̀gá. Mo ti wo ìwé. Àwọn tí tiwọn lé díẹ̀ ní àádọ́ta láti oṣù mẹ́rin. Wọ́n ti gba ìwé ìwakọ̀ wọn. Ọ̀kan wà lẹ́wọ̀n."

"Ṣé o mọ ohun tí wọ́n máa fi ẹ́ ṣe?"

"Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, Ọ̀gá."

Ó kọ orúkọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sínú ìwé, ó kọ orúkọ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò sẹ́ni tó ní kó lọ sílé awakọ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ.

Yàrá kan àti pálọ̀ ni, ní ìsàlẹ̀ òpópónà tóóró kan. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà ló ṣílẹ̀kùn. Ó ń lọ aṣọ iṣẹ́ àbúrò rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé méjì tí orúkọ ilé-ìwé wà láyà wọn. "A fẹ́ dá a padà fún wọn lọ́la," ó ní. "Ó ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti Fúráìdè. Ó ti jẹ́wọ́, mà. Kí lẹ tún wá gbọ́?"

Awakọ̀ náà jókòó sórí àga, ó dìde kí i, ó tún jókòó. Ìyá Ṣódájú ò jókòó.

"Mo wá sọ fún yín pé èmi ni mo ṣàṣìṣe," ó ní. "Omi tí mo fi ń wọn nǹkan ti bàjẹ́, mi ò mọ̀. Mẹ́rìnlélógójì ni tiyín, kò dé àádọ́ta. Mo ti gbé ìwé rẹ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́. Ẹ ò jẹ̀bi."

Ẹ̀gbọ́n gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. "Ìgò kan ni nígbà náà?"

"Ohun tó sọ látìbẹ̀rẹ̀ bá a mu. Bó bá jẹ́ ìgò méjì ni, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún."

Obìnrin gíga náà kúnlẹ̀ níwájú àbúrò rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Àbúrò mi, dárí jì mí. Ìgò kan lo ní. O sọ ọ́ fún mi. Dárí jì mí." Ó ń sunkún, kò fi pamọ́.

Ọkùnrin náà ò fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ já a kulẹ̀.

"Ṣùgbọ́n mo mu ún," ó ní.

"Kí lo mu?"

"Ìgò kejì." Ó gbójú sí Ìyá Ṣódájú. "Lọ́jọ́ tí Ẹ̀gbọ́n mi fi mí sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn, mo wá síbí jókòó. Mo ní ẹ̀rọ ò lè parọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Á jẹ́ pé èmi ni mò ń parọ́, tí mi ò mọ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú sẹ́yìn, mò ń wá a, títí mo fi rí i."

"Kò sí ìgò kejì," Ìyá Ṣódájú wí. "Ẹ gbọ́ mi. Èmi ni mo gbé e wá. Ọ̀dọ̀ mi ló ti wá, kì í ṣe ilé ọ̀rẹ́ yín."

Ọkùnrin náà mi orí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí èèyàn ṣe ń mi orí fún àgbàlagbà tí kò fẹ́ bá jiyàn.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní. "Ọ̀rẹ́ mi ló ṣí i fún mi. Lápá ọ̀tún mi ló gbé e sí. Mo gbé e, ó tutù lọ́wọ́ mi."